Iṣẹ́ abẹ jẹ̀díjẹ̀dí bàbá mi ku ọ̀sẹ̀ méjì: ta ló mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ tó ń mú iṣan ìdí kú?

Ọmọ Onígẹdú (Ìjẹ̀bú-Igbó), ọjọ́ Ajé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo bá wá. Ẹni ọdún 61 ni wọ́n, gẹdú ni wọ́n ń tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Jẹ̀díjẹ̀dí ti ń bá wọn fínra, ó lé lọ́dún mẹ́wàá. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa ń rí. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tán, nǹkan náà á yọ síta, wọ́n á fi ọwọ́ tì í wọlé. Láti oṣù tó kọjá, kò wọlé mọ́. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo inú ìfun wọn, wọn ò rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Dókítà ní ó ti dé ipele kẹrin, àfi kí àwọn gé e. Wọ́n ti fún wa lọ́jọ́.

Ṣùgbọ́n bàbá ní àwọn ò ṣe mọ́. Ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ máa ń pàdé ní ibi ìlagi ti ṣe é rí. Ó sọ fún wọn pé igbe tí òun ké nígbà tí òun kọ́kọ́ yàgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará ilé kejì sáré wọlé, wọ́n rò pé ẹnìkan ti kú ni. Láti ìgbà tí bàbá ti gbọ́ èyí, oorun ò kùn wọ́n.

Nọ́ọ̀sì kan wá pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí n béèrè bóyá wọ́n á gún wọn ní abẹ́rẹ́ kan tó ń mú iṣan ìdí kú, pé ẹni tí wọ́n bá gún un kì í jẹ ìrora ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n? Ṣé kò ní sọ bàbá mi di arọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Olóbì Ṣágámù

Àbúrò, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ohun tí ojú èmi fúnra mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún 2013 ni wọ́n gé tèmi, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gún mi, èyí tí wọ́n máa ń gún aboyún tí wọ́n bá fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n ń gé e, n kò mọ nǹkan kan. Bíi wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Bí ẹsẹ̀ ṣe jí tán ni ìdí náà jí. Kò sẹ́ni tó ti fún mi ní oògùn kankan de ìgbà náà. Wọ́n ní kí n ní sùúrù títí dókítà yóò fi dé. Bí ẹni pé wọ́n lọ ata rodo sí ojú egbò ni. Ìtọ̀ tún kọ̀, kò wá. Òru ni wọ́n ki rọ́bà bọ̀ mí kí ó tó jáde. Nítorí ẹ̀rù ìgbọ̀nsẹ̀, n kò jẹun gidi fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyẹn wá mú kí ìgbẹ́ náà le bí òkúta. Mi ò ní sọ bí ọjọ́ karùn-ún ṣe rí.

Àbúrò mi ọkùnrin náà ṣe tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá, níbòmíràn. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí ẹ ń wí yìí, lọ́tùn-ún àti lósì. Òwúrọ̀ ni wọ́n gé e. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó, omi bọ́ lójú mi. Ìrora tí mo jẹ nígbà yẹn, kò pọn dandan kí n jẹ ẹ́.

Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó. Nítorí pé kò dùn ún, kò lo oògùn tí wọ́n fún un, ó ní kí ni òun fẹ́ fi ṣe. Ní nǹkan bí aago méjì òru, abẹ́rẹ́ náà tán lára rẹ̀ lójijì. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bàbá Àgbà Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọmọ mi, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan bàbá rẹ. Ohun dídùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, àgbo ló sì ń lé e. Bàbá tó bí mi lọ́mọ lò ó, ó dẹ́kun. Kí wọ́n jáwọ́ nínú ṣúgà, kí wọ́n wá ẹni tó mọ egbò igi dáadáa.

Ìyá Ìperu

Bàbá, ẹ ṣeun, a kì í bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Àbúrò màámi ń ya ẹ̀jẹ̀, gbogbo wa pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń mu àgbo. Nígbà tí wọ́n máa fi ẹ̀rọ wo inú ìfun wọn, jẹjẹrẹ ni, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Èmi kò sọ pé àgbo ló pa wọ́n. Ìdúró tí a dúró ló pa wọ́n. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 45 tó ń ya ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wo inú rẹ̀. Inú mi dùn pé wọ́n ti wo ti bàbá yìí.

Nọ́ọ̀sì Tíátà (mo ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ káalẹ́ o. Bàbá Àgbà Òde, mo kí yín, sà. Ṣúgà kọ́ ló ń fà á. Ìgbẹ́ líle, ṣíṣe agídí lórí ìgbọ̀nsẹ̀, jíjókòó pẹ́, oyún àti ẹrù wúwo, àwọn ni wọ́n ń mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ihò ìdí wú. Ẹni tó bá sì ti ń tètè lọ, tí tirẹ̀ wà ní ipele kìíní tàbí ìkejì (kò tíì yọ síta, tàbí ó ń yọ ṣùgbọ́n ó ń padà wọlé fúnra rẹ̀), omi, ẹ̀fọ́ àti sùúrù lè tó o. Wọ́n tún lè fi rọ́bà kékeré so ó lọ́rùn títí yóò fi gbẹ, tí yóò sì já bọ́. Ipele kẹrin, rárá. Ó ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Onígẹdú, abẹ́rẹ́ náà wà. Pudendal ni orúkọ iṣan tó ń mú kí ìdí mọ nǹkan lára, òun ni wọ́n ń gún oògùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oògùn ibẹ̀, bupivacaine, kò ṣàjèjì: gbogbo tíátà tó ń gbẹ̀bí aboyún ló ní irú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò fún ẹ̀yìn ni ó ní ṣúgà nínú kó lè wúwo, èyí tí kò ní ṣúgà ni wọ́n ń lò fún iṣan. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé kò sí, ẹ bi wọ́n pé ṣé oògùn ni kò sí ni, àbí ẹni tó mọ ọ̀nà rẹ̀. Nínú ìrírí mi, ìkejì yìí ló máa ń jẹ́.

Kí ẹ tó lọ: oògùn wo ni bàbá ń lò nílé?

Ọmọ Onígẹdú

Ẹ ṣé gan-an, màámi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń lò, ẹyọ kan láràárọ̀. Bí ẹ̀yìn bá sì ń dùn wọ́n tí wọ́n bá ti ibi ìlagi dé, Alabukun ni wọ́n máa ń pò mu.

Nọ́ọ̀sì Tíátà

Ẹ sọ fún dókítà lọ́la gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Aspirin ló wà nínú Alabukun, aspirin sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá. Dókítà ni yóò sọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi máa dá a dúró. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá a dúró.

Dókítà Akunlóorun (Ìlíṣàn-Rẹ́mọ)

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mi ni kíkun èèyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ìrora yẹn ti ń wá.

Ìlà kan wà nínú ihò ìdí, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí ẹnu rẹ̀. Ní òkè ìlà yìí, ara kì í mọ̀ bí wọ́n bá gé e. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi lè fi rọ́bà so jẹ̀díjẹ̀dí lókè níbẹ̀ láìgún abẹ́rẹ́ kankan. Ní ìsàlẹ̀ ìlà náà, ibẹ̀ mọ nǹkan lára bí orí ìka ṣe ń mọ iná. Iṣẹ́ abẹ tí àwọn dókítà Milligan àti Morgan ṣàlàyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1937, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń ṣe títí dòní, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń dé ìsàlẹ̀ yìí, wọn kì í sì í rán an pa. Ẹ wá fi kún un pé ẹran tó ń pa ẹnu ihò ìdí dé máa ń fún mọ́ra gírígírí nígbà tí ọgbẹ́ bá ń ta á. Fífún yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ìrora mìíràn.

Iṣan tó ń gbé ìròyìn gbogbo èyí lọ sí ọpọlọ ni pudendal. Ó ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó eegun kan nínú ìbàdí kọjá, ó wá pín sí ẹ̀ka mẹ́ta. Ọ̀kan lọ sí ihò ìdí, àwọn méjì yòókù lọ sí ojú ara. Tiwa ni kí a fi ọwọ́ wá eegun yẹn, tàbí kí a fi ẹ̀rọ tó ń fi ohùn yàwòrán wò ó, kí a da oògùn sí ẹ̀gbẹ́ iṣan náà lápá méjèèjì. Bí mílílítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó ń kú tipiri, ẹran tó ń fún mọ́ra náà sì máa ń dẹ̀. Ẹsẹ̀ ò sí nínú rẹ̀, torí ẹsẹ̀ ní iṣan tirẹ̀. Ìgbà mìíràn oògùn lè tàn dé iṣan ẹsẹ̀ tó wà nítòsí, ẹsẹ̀ kan á rọ díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, á sì padà bọ̀ sípò. Kò ní sọ bàbá di arọ.

Ewu rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó wà. Bí oògùn bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ lójijì, ètè á máa ṣe èèyàn bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, etí á máa hó, ó lè di gìrì, ọkàn sì lè dàrú. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi máa ń fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn wò ká tó ti oògùn, tí a sì ń ṣírò rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n ara: kí bupivacaine má kọjá mílígíráàmù 2 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wọn kílò 70, kò gbọdọ̀ kọjá 140. Mílílítà 20 ti ìwọ̀n 0.25%, mílígíráàmù 50 péré ló wà nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé àyè wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ, torí ẹ̀jẹ̀ lè dúró síbi tí a gún.

Bàbá Àgbà Òde

Dókítà, o ṣàlàyé, ó yé mi. Ṣùgbọ́n èmi ń bi ọ́ o. Wákàtí mélòó ni abẹ́rẹ́ yìí ń lò lára? Tí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré, tí ìrora náà sì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ méjì, kí ni àǹfààní rẹ̀?

Dókítà Akunlóorun

Bàbá, ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn béèrè nìyẹn, sà. Wákàtí mẹ́fà sí méjìlá ni ó sábà máa ń lò, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹlòmíràn. Kò lè dé ọjọ́ tí ìgbọ̀nsẹ̀ àkọ́kọ́ yóò wá, n kò ní purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n àwọn wákàtí tó ń bò yẹn ni ìrora máa ń le jù kí oògùn ẹnu tó ràn. Ẹni tí kò bá jẹ ìyà lálẹ́ àkọ́kọ́ á lè sùn, á lè dìde, á lè tọ̀ fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn máa ń mú àpò ìtọ̀ kú pẹ̀lú, òun ló fà á tí wọ́n fi ki rọ́bà bọ Olóbì. Èyí tó tún ṣe pàtàkì lójú tèmi ni pé kò ní nílò tramadol àti codeine púpọ̀. Àwọn oògùn yẹn ń pa ìrora, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú ìgbẹ́ le, ìgbẹ́ líle ló sì ń ya ojú ọgbẹ́ padà. Ìlànà PROSPECT tí àwọn onímọ̀ ìrora ní Yúróòpù ń tẹ̀ lé dá abẹ́rẹ́ iṣan pudendal lábàá fún iṣẹ́ abẹ yìí gan-an.

Lẹ́yìn rẹ̀, parasitamọ́ọ̀ ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, ká sì fi oògùn bíi ibuprofen tì í lẹ́yìn bí ikùn àti kíndìnrín bá dára. Oògùn olómi tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, bíi lactulose. Metronidazole, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, náà máa ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bàbá Ọmọ Onígẹdú ṣe ń ru yìí, kí dókítà wọn pinnu lórí ibuprofen.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ (Amẹ́ríkà)

Níbí, bupivacaine tí wọ́n fi ọ̀rá wẹ́wẹ́ bò ni wọ́n lò fún mi. Wọ́n ní ó máa ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún 2011 ni ìjọba ibí fọwọ́ sí i. Ó dára lára mi o.

Dókítà Akunlóorun

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga gan-an, kì í sì í ṣe gbogbo ìwádìí ló fi hàn pé ó ju èyí tí kò lọ́rá lọ. Ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú kò pàdánù nǹkan ńlá bó bá gba èyí tó wà nílẹ̀.

Ọmọ Onígẹdú, ọjọ́ Ẹtì

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi létí. Ibi tí dókítà ti sọ pé ẹsẹ̀ ní iṣan tirẹ̀ ni wọ́n ní kí n tún kà. Wọ́n ti gbà báyìí. A tún padà lọ, dókítà ní àwọn á pe ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ náà wá lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ní kí Alabukun dúró láti òní.

Wọ́n ní kí n béèrè nǹkan kan: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni Ojúde Ọba. Ṣé wọ́n á lè bá ẹgbẹ́ wọn jó? Wọ́n ti san owó aṣọ.

Nọ́ọ̀sì Tíátà

Ọ̀pọ̀ máa ń padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ijó, kò burú bí dókítà bá ti yẹ̀ wọ́n wò. Ẹṣin gígùn ni n kò fọwọ́ sí. Gẹdú gbígbé náà, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́.

Ọmọ Onígẹdú, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, 9:40 alẹ́

Ẹ bá mi dúpẹ́. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n wọlé. Wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń mú èèyàn tòògbé, lẹ́yìn náà ni wọ́n gún iṣan náà lápá méjèèjì. Aago kan wọ́n ti jí, wọ́n bi mí pé ṣé wọ́n ti ṣe é. Aago mẹ́rin wọ́n rìn lọ tọ̀ fúnra wọn. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n béèrè lálẹ́ yìí! Mo se é, mo dín ata rẹ̀ kù.

Wọ́n ní kò dùn wọ́n, pé oògùn ò pọn dandan. Mo rántí ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Olóbì, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbé parasitamọ́ọ̀ méjì mì. Mo ti fi aago fóònù sí aago mẹ́ta òru. Mo sì fẹ́ gbé omi gbígbóná kalẹ̀ kí wọ́n jókòó sínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Tíátà

Dúró, ọmọ mi! Má gbé omi gbígbóná wá lálẹ́ yìí. Ibẹ̀ ṣì kú, wọn ò ní mọ̀ bí omi náà bá ń bó wọn. Mo ti rí ẹni tó jó báyìí. Bó bá di ọ̀la tí ibẹ̀ ti jí, kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, fi ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ wò ó. Ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, àti lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọmọ Onígẹdú

Haa, ẹ ṣé, màámi. Mo ti dà á nù.

Ọmọ Onígẹdú, ọjọ́ kẹta

Òru ọjọ́ yẹn, ó jí lóòótọ́, ní nǹkan bí aago méjì kọjá. Bàbá jí, wọ́n ń fọwọ́ di ibùsùn mú. Ṣùgbọ́n wọn ò pariwo. Oògùn ti wà lára wọn, mo tún fi ìkejì tí dókítà kọ kún un, wọ́n sùn padà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Òní ni ìgbọ̀nsẹ̀ àkọ́kọ́. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àyà mi ń já. Ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́, lactulose, omi, gbogbo rẹ̀ ni a ti ń lò láti ọjọ́ kìíní. Ó dùn wọ́n, mo gbọ́ tí wọ́n ń mí gúlegúle. Wọ́n jáde, òógùn bò wọ́n, wọ́n wọ inú omi lọ tààrà. Ó tó ìdajì wákàtí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé: "Kì í ṣe bí ó ṣe wí fún mi."

Olóbì Ṣágámù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọjọ́ méjì sí i, á máa fúyẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sá fún oúnjẹ o. Ìyẹn ni àṣìṣe tèmi.

Ọmọ Onígẹdú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tún jáde láàárọ̀ yìí, bí ìlà méjì lórí bébà. Ṣé kí n gbé wọn lọ?

Dókítà Akunlóorun

Bó bá jẹ́ ìlà lórí bébà, ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú ibi tí wọ́n so bá ń já, láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣàn, tàbí tí ó ń dì bámúbámú, tàbí tí òòyì bá ń kọ́ wọn, tàbí tí ibà bá dé, tàbí tí wọn ò bá lè tọ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Onígẹdú, ọjọ́ kọkànlá

Kò wá mọ́. Wọ́n ti jókòó sí ìta láti àárọ̀, lórí tìmùtìmù méjì, àwọn ará ibi ìlagi ń wá kí wọn. Bàbá Àgbà Òde, wọ́n ní kí n kí yín.

Ẹnìkan wá láti Orù nírọ̀lẹ́ yìí. Ó jókòó pẹ́, ó ń wo bàbá, kó tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọdún kẹjọ tí òun ti ń fi ọwọ́ ti tòun wọlé rèé, ìyàwó òun kò mọ̀. Ó ní kí n kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà fún òun. Mo kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, pudendal, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo inú ìfun rẹ̀. Ó ká a sínú fìlà rẹ̀, ó lọ.